Ìpáàrà ni làpálàpá, èéfín tó ń jò ni ètè: ẹ má kàn fi ọ̀dà bo manifold mọ́tò yín

Ẹ rìn wọ Raji Rasaki Estate, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí mọ́tò kan tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí, tí mẹkáníìkì ti ki orí bọ inú rẹ̀. Honda "Baby Boy" ni o, Camry "Pencil" ni o, àwọn mọ́tò tó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ṣì ń sáré lójú títì Mile 2. Ẹ bẹjú wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí irin kan tó pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Òun ni manifold, ibi tí èéfín kọ́kọ́ ń gbà jáde. Èyí tí wọ́n fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ jó pọ̀ ni wọ́n ń pè ní header.

Bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bá ti rí i pé ó ti dógùn-ún, agolo ọ̀dà sílífà ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Wọ́n á fọ́n ọn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní "ó ti di tuntun!" Èmi ò gbà. Lójú tèmi, ọ̀dà tí a kùn láìyẹ irin wò dáadáa burú ju ìpáàrà lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Irin, omi àti ọ́síjìn: bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ìpáàrà dé nìyẹn. Irin á máa fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ́síjìn, ohun tí yóò sì kù ni èèpo pupa yẹn. Iyọ̀ kì í dá nìkan sọ irin di pupa, àmọ́ tó bá ti wà nínú omi, iṣẹ́ náà á yá kíákíá. Ẹ wá wo ibi tí à ń gbé. Òkun Àtìláńtíìkì kò jìnnà, omi Badagry Creek wà nítòsí Festac, afẹ́fẹ́ wa sì kún fún ọ̀rinrin. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti jẹ iyọ̀ yó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní Kánádà àti ìhà àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ ọ̀hún á sì máa ta sí abẹ́ mọ́tò.

Ìyà ti manifold tún yàtọ̀. Bí ẹ bá ń tẹ mọ́tò gidi, ó lè gbóná kọjá 500°C, kó tún wá tutù nini lálẹ́. Irin ń fẹ̀ tó bá gbóná, ó ń súnkì tó bá tutù. Ìpáàrà sì máa ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wú tó ń ṣí bí èèpo igi. Kò dà bí alumíníọ̀mù, tí èèpo tirẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn tí í dáàbò bò ó. Ọ̀dà lásán tí ẹ bá kùn sórí irú irin bẹ́ẹ̀ á jóná, á rùn, á sì ṣí dànù pẹ̀lú ìpáàrà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ìpáàrà ojú irin wá ni ọ̀tá wa ni? Rárá o. Manifold tí wọ́n fi irin dídà ṣe nípọn. Ó lè pọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá ni àwọ̀ pupa yẹn. Ètè ni ibi tí irin ti là, tàbí ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jẹ tí èéfín ti ń jò.

Inú èéfín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ni carbon monoxide wà. Gáàsì yìí kò láwọ̀, kò ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó ń di ohun tó ń gbé ọ́síjìn mú ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ṣe lè dì í mú lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé sójú oorun. Bí manifold bá ń jò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ihò sì wà lára ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti yín, èéfín náà lè bá afẹ́fẹ́ wọ inú mọ́tò. Ẹ wá ronú gosiló Mile 2, fèrèsé ní títì, ọmọ ń sùn lẹ́yìn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí inú ń rú yín nínú mọ́tò, tó sì ń lọ tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ má kàn pè é ní ibà.

Owó náà ń jò pẹ̀lú. Bí ibi tó là bá wà ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ ìta lè gbabẹ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé epo kéré, á sì máa dá epo kún un. Pẹ̀lú iye tí epo ń jẹ́ láti ọdún 2023, ta ló fẹ́ ìyẹn?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohùn mọ́tò kí ẹ tó ra ọ̀dà. Ẹ ṣíná láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, níta gbangba. Bó bá ń dún tí-tí-tí, tí ohùn náà sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé manifold ń jò. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì bóyá èédú dúdú wà níbẹ̀. Bó bá ń jò, wẹ́dà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló kàn. Ọ̀dà kọ́.

Bí kò bá jò, tí ẹ ṣì fẹ́ kó rẹwà, ó dáa. Ẹ jẹ́ kó tutù pátá. Ẹ fi òróró tó ń wọ inú irin rin àwọn bóòtù náà kó tó di ọjọ́ kejì, torí bóòtù tó kán sínú ẹ́ńjìnnì á ná yín lówó ju ọ̀dà lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí irin á fi hàn. Ẹ fi ọṣẹ fọ òróró kúrò. Phosphoric acid dára fún èyí tó kù, torí ó ń sọ ìpáàrà di nǹkan mìíràn tó le tó sì dúdú. Bó bá ti gbẹ, ẹ lo ọ̀dà tí wọ́n kọ sí lára agolo pé ó lè gba nǹkan bí 600°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, iná ló ń gbọ́ ọ. Ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa á kó tutù, ẹ tún ṣí i kó pẹ́ sí i, bí agolo bá ṣe wí. Ẹni tó bá fo ìpele yìí, kó má bú ọ̀dà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì ni àwọn kan máa ń lò torí pé kò wọ́n. Ó máa ń yọ ìpáàrà lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ irin náà, iyọ̀ rẹ̀ tó bá kù sílẹ̀ á sì tún mú un dógùn-ún kó tó dọ̀la. Ta ló sì ń fi ọwọ́ lásán rì í? Ọmọ iṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí ìbòmú, láìsí gíláàsì ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike tó ń hó. Bí ẹnì kan bá tún da Hypo tàbí Jik mọ́ ọn pé kó lè mọ́ sí i, chlorine ni yóò jáde, gáàsì tó ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí mọ́tò tó rẹwà tó ìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ: "Bọ̀dá, ọ̀dà olóoru yẹn wọ́n." Òtítọ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ ní pupa. Tí kò bá ti jò, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gba gásíkẹ́ẹ̀tì tó dáa. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì fún ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dúró tì í títí á fi wọ̀ ọ́.