Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Èrò Mi lórí Plugin Tí Ń Yọ Etí Jọ̀lọ̀ Kúrò Lára Àwòrán

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ àkọtọ́ sì ni pẹ̀lú.

Plugin kéékèèké kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń so mọ́ sọ́fítíwíà àtúnṣe àwòrán bíi GIMP, Paint.NET tàbí Photoshop. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: yóò yọ etí jọ̀lọ̀ kúrò lára àwòrán. Bí ó bá jẹ́ ojú ìwé ni a fi fún un, gbogbo ohun tí ó wà láàárín dúdú àti funfun ni yóò sọ di ọ̀kan nínú méjèèjì. Mo ti rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó fún ojú ìwé Yorùbá tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà, kí ojú ìwé náà lè mọ́, kí fáìlì rẹ̀ sì lè fúyẹ́. Èrò tèmi ni pé ohun èlò náà dára ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi kan ìwé Yorùbá láìronú. Èyí tí ó wá burú jù ni kí a ju fáìlì àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn tí a bá ti lò ó tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Kí ni etí jọ̀lọ̀?

Àwòrán inú kọ̀ǹpútà dà bí aṣọ tí a fi onígun mẹ́rin kéékèèké tò pọ̀. Onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní pixel, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì lè ní lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi dúdú àti funfun nìkan ya òbìrìkìtì tàbí ìlà tí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí rẹ̀ yóò rí págunpàgun bí eyín ayùn. Ní ọdún 1977, Franklin Crow kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ìṣòro yìí nínú ìwé Communications of the ACM, àpilẹ̀kọ náà sì wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún ohun tí à ń pè ní anti-aliasing.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà yóò wo bí lẹ́tà tàbí ìlà náà ṣe bo pixel kọ̀ọ̀kan tó. Bí ó bá bò ó tán, pixel náà yóò di dúdú. Bí kò bá fara kàn án rárá, yóò wà ní funfun. Bí ó bá bo ìdajì rẹ̀, yóò ní àwọ̀ eérú. Bí ènìyàn bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, etí yóò sì jọ̀lọ̀. Ẹ̀rọ tí ń ya ojú ìwé sínú kọ̀ǹpútà náà ń ṣe ohun tí ó jọ èyí, nítorí pé ó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti inú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí kókó yìí: àwọ̀ eérú etí lẹ́tà kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀rí ni. Ó ń sọ fún wa bí lẹ́tà náà ṣe wà níbẹ̀ tó.

Ibi tí plugin náà ti wúlò

N kò ní purọ́ mọ́ plugin yìí. Àwòrán oríṣi GIF, tí ó jáde ní ọdún 1987, kò mọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ ní ti ibi tí ó hàn àti ibi tí kò hàn. Bí a bá ya àwòrán tí etí rẹ̀ jọ̀lọ̀ lórí funfun, tí a sì gbé e sórí ojú ewé tí ó dúdú, etí rẹ̀ yóò funfun yíká bí ẹnu ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì tán. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí a yọ etí jọ̀lọ̀ kúrò ni ó yẹ, bí a kò bá fẹ́ lo oríṣi PNG tí ó ti yanjú ìṣòro náà láti ọdún 1996. Ẹni tí ó fẹ́ da àwọ̀ sí àárín àwòrán náà mọ ìwúlò rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ tí a dà kì í dé ibi eérú etí, ìlà tín-ín-rín kan a sì ṣẹ́kù síbẹ̀.

Bákan náà ni fún àwọn tí ń gé àpẹẹrẹ fún iṣẹ́ àdìrẹ tàbí tí ń tẹ àwòrán sára aṣọ ẹgbẹ́. Páànù tí a gé fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ kò mọ eérú: ibi tí a gé ni ẹ̀kọ yóò gbà kọjá, ibi tí a kò gé kò ní gbà. Plugin yìí ń ṣe iṣẹ́ wọn bí iṣẹ́, n kò sì bá a jà níbẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan

Ìjà mi bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá ti gbé e dé orí ìwé Yorùbá. Nínú fáìlì tí ó ní dúdú, funfun àti eérú, òǹkà 0 dúró fún dúdú biribiri, 255 sì dúró fún funfun báláú. Ká ní lẹ́tà ọ kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àmì abẹ́ rẹ̀ kò fi ju ìwọ̀n pixel kan lọ ní gígùn àti ní ìbú. Bí àmì náà bá bọ́ sínú pixel kan gééré, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣèlérí pé yóò bọ́ síbẹ̀ gééré? Ó lè jẹ́ oríta ni yóò bọ́ sí, níbi tí pixel mẹ́rin ti pàdé. Nígbà náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kan pixel kọ̀ọ̀kan, òǹkà ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ nǹkan bí 191. Bí plugin bá wá sọ pé kí gbogbo ohun tí ó bá ti kọjá 127 di funfun, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò di funfun. Àmì náà kú nìyẹn. Kò sí pixel kan tí ó purọ́ nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sọ ohun tí ó rí. Adájọ́ ni kò pa ẹ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

Èéṣe tí ara lẹ́tà fi yè, tí àmì fi kú? Ìlà tí ó fẹ̀ tó pixel méjì, ibi yòówù tí ó bá bọ́ sí, yóò bo pixel kan tán pátápátá, ó kéré tán. Ìlà tí kò fẹ̀ ju pixel kan lọ pàápàá, apá kan ṣoṣo ni ó ti tín-ín-rín; bí ó bá burú tán, ìdajì yóò wà ní ọ̀tún, ìdajì yóò wà ní òsì. Àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó kéré ní apá méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìyà fi ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Bí àmì orí i bá bọ́ sọnù nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tí yóò ṣi ọ̀rọ̀ kà. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àmì abẹ́ bá lọ, ọwọ́ di owó, ọ̀wọ̀ di òwò, ọkọ ìyàwó di oko tí à ń ro, ẹni tí ó ṣá nǹkan di ẹni tí ó sá. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè yóò wá di ọ̀rọ̀ tí ọmọlúàbí kì í là mọ́lẹ̀ níwájú àgbà. Àmì ohùn náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí ó ya àmì ohùn òkè sọ́tọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ kò ju apá ibi tí ó fì sí lọ. Bí a bá gé etí jọ̀lọ̀ rẹ̀ dànù nígbà tí lẹ́tà kéré, ó lè sún kì di ẹyọ dúdú kan ṣoṣo, a kò sì ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni òǹkọ̀wé kọ tàbí ọkọ́.

Ti ìwé àtijọ́ tún le ju èyí lọ. Ẹ rántí pé àkójọ ọ̀rọ̀ tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní ọdún 1843, Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend sì bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta jáde ní ọdún 1859. Bí ìwé bá ti gbó, bébà rẹ̀ a máa pọ́n, yíǹkì rẹ̀ a máa ṣá, omi sì lè ti kán sí i. Àmì abẹ́ lẹ́tà kan lè ti ṣá tó bẹ́ẹ̀ tí àbàwọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi dúdú jù ú lọ. Bí a bá fi ààlà kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́ gbogbo ojú ìwé, àmì tòótọ́ yóò lọ, àbàwọ́n yóò dúró. Ẹ wá wo ẹni tí yóò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọdún àádọ́ta sí i, tí yóò kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé báyìí ni àwọn baba wa ṣe ń kọ èdè nígbà náà.

Ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi lè sọ

Wọ́n lè sọ pé fáìlì eérú wúwo. Òótọ́ ni. Ojú ìwé A4 kan tí a yà ní 300 dpi ní pixel 2480 ní ìbú àti 3508 ní gígùn, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀. Bí ó bá jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, kí a tó fún un pọ̀, yóò gba nǹkan bí 1.1 MB, bí eérú bá wà níbẹ̀, yóò gba nǹkan bí 8.7 MB. Ìlọ́po mẹ́jọ ni. Ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Wọ́n tún lè sọ pé sọ́fítíwíà tí ń ka lẹ́tà láti inú àwòrán, irú Tesseract, fúnra rẹ̀ máa ń sọ ojú ìwé di dúdú àti funfun kí ó tó kà á.

Èsì mi kò gùn. Tesseract kì í pa fáìlì tí a fún un rẹ́. Bí ọ̀nà tí ó lárinrin ju ti òní lọ bá jáde lọ́la, a óò tún fún un ní fáìlì kan náà. Ẹni tí ó ti gé eérú dànù kò ní ohun tí yóò fún ọ̀nà tuntun náà mọ́. Ní ti ìwúwo, ẹ fi dúdú àti funfun ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi eérú pamọ́ sílé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí ohùn èdè wa kọ́ mi

Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pàápàá ń gé etí jọ̀lọ̀. Ohùn tí ó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde kì í ṣe mẹ́ta; ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní àtẹ̀gùn. Ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ a máa gùnkè díẹ̀díẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀lé ti òkè a máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni a kọ sílẹ̀, ó sì tọ̀nà, nítorí pé mẹ́ta náà ni etí ọmọ Yorùbá ń lò láti fi mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí etí ṣe ń gé e. Ohùn òkè bàbá arúgbó kan lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdébìnrin kan, bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Nínú gbólóhùn kan náà, ohùn òkè tí ó wà ní ìparí lè rẹlẹ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, nítorí pé etí kì í fi ààlà kan ṣoṣo dá gbogbo ènìyàn lẹ́jọ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń wò. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí àwòrán ìwé náà ti dé ibẹ̀. Ọ̀nà tí Otsu gbé jáde ní ọdún 1979 ń fi bí òǹkà ojú ìwé náà ṣe pín wá ààlà, dípò kí ó kàn mú 127. Ọ̀nà tí Sauvola àti Pietikäinen gbé jáde ní ọdún 2000 wá ń wá ààlà fún agbègbè pixel kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó sún mọ́ iṣẹ́ etí jù lọ.

Àmọ̀ràn mi

1. Ẹ ya ìwé Yorùbá pẹ̀lú eérú tàbí pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀, kí ó má dín ní 300 dpi. Bí lẹ́tà bá kéré, ẹ lo 600.

2. Ẹ fi fáìlì àkọ́kọ́ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí TIFF tàbí PNG. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa gbé fún plugin.

3. Bí ẹ bá fẹ́ gé eérú, ẹ lo ọ̀nà tí ń wá ààlà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú ara yín ka ìlà díẹ̀ nínú àtijọ́ àti nínú tuntun, kí ẹ sì ka àmì abẹ́ lẹ́tà inú méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba.

4. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ má fi àwòrán kọ ọ́. Ní àwọn ọdún 2000, nígbà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè fi àmì abẹ́ àti àmì ohùn hàn pọ̀, àwíjàre wà. Lónìí, Unicode ní ẹ, ọ àti ṣ, a sì lè fi àmì ohùn lé wọn lórí. Lẹ́tà tí a tẹ̀ ní tòótọ́ kò ní etí tí plugin kankan yóò gé.

Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Plugin kò mọ bí a ṣe ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí a rán an ni yóò jẹ́, bí ó ti wù kí àbájáde rẹ̀ rí. Àwa tí a mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá ní ìwé àtijọ́ nílé tí ẹ fẹ́ yà sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kókó kejì.

Ire o.