Pàṣán Kò Kọ́ Ọmọ Ní Fídíò

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Kánò ní kí wọ́n na ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ẹgba 20 ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí fídíò kúkúrú tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ Ganduje, gómìnà ìgbà náà. Kí ni pàṣán náà kọ́ni? Hubert Ògúndé, tó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ ní 1945, a máa fi orin àti ijó ṣíde kí ẹ̀kọ́ tó dé. Bákan náà ni fídíò: bí ìbẹ̀rẹ̀ kò bá dùn, òǹwòran á kọjá lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ní ọgbọ́n yìí, èébú ni yóò máa fi wá ojú ayé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni, kì í ṣe ti onípàṣán.