Eku tí wọ́n ní ó fọn, kò kúkú fọn

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. A kò tíì dé Ògèrè tí ọkùnrin kan fi dìde láàrin èrò. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà, ó gbàdúrà fún táyà ọkọ̀, lẹ́yìn èyí ló wá kó ike oògùn jáde nínú báàgì. Ó ní láti ara èèpo èso àjàrà ni wọ́n ti yọ ohun tó wà níbẹ̀, pé àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ti fi eku dán an wò, àti pé ńṣe ni ọ̀rá ara àwọn eku náà yọ́ bí òrí tí a gbé sínú oòrùn. Ìyá kan tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi, ẹni tí yóò ti máa lọ sí ọgọ́ta ọdún, fara balẹ̀ gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì bèèrè pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, àtọ̀gbẹ ń yọ mí lẹ́nu, ara mi sì wúwo. Bí mo bá ra tiyín, ṣé mo lè dá èyí tí wọ́n ń fún mi ní ọsibítù dúró?" Dókítà ni gbogbo ọkọ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn eku yẹn lo oògùn ọsibítù ni?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ọkùnrin yìí kò purọ́ tán. Ìwádìí tó ń sọ wáyé lóòótọ́. Eku wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn eku Amẹ́ríkà náà kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Orúkọ èròjà náà ni resveratrol. Ó wà nínú èèpo èso àjàrà, ó wà nínú wáìnì pupa, kódà ó wà nínú ẹ̀pà tí a fi ń jẹ gúgúrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táṣẹ́rẹ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard ní ìlú Boston, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ọjọ́ ogbó, gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Joseph Baur àti David Sinclair wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Akọ eku ni wọ́n kó jọ, àwọn tó ti pé ọmọ ọdún kan, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kúrò ní ọ̀dọ́. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní ń jẹ oúnjẹ eku gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ti ọ̀wọ́ kejì, àdín àgbọn dídì ni wọ́n pò mọ́ oúnjẹ náà, títí ìdá 60 nínú 100 agbára tó wà nínú rẹ̀ fi jẹ́ ti ọ̀rá. Ọ̀wọ́ kẹta ń jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá yẹn kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi resveratrol sí tiwọn, bíi mílígíráàmù 22 lójúmọ́ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi oúnjẹ yẹn. Kì í ṣe pé eku náà jẹ àjẹjù bí èmi àti ẹ̀yin ti máa ń ṣe níbi ìnáwó. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń bọ́ ọ kó lè sanra, bí ẹni ń bọ́ àgbò iléyá. Inú àgò ló wà, kò lọ sóko, kò lọ sọ́jà, ẹnikẹ́ni kò sì yọ́ nǹkan fún un jẹ lẹ́yìn. Ìran eku kan náà ni wọ́n sì ń lò, tí wọ́n ti ń mú bímọ láàrin ẹbí láti ọdún gbọọrọ, tó fi jẹ́ pé bí ìbejì ni gbogbo wọn rí. Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn wọn nìyẹn. Eku kò lè purọ́ ohun tó jẹ lánàá, bí àwa ti máa ń purọ́ fún dókítà.

Nígbà tí àwọn eku náà di ọmọ ọ̀sẹ̀ 114, ìdá 58 nínú 100 àwọn tó ń jẹ ọ̀rá láìsí resveratrol ti kú. Nínú àwọn tó ń jẹ ọ̀rá pẹ̀lú resveratrol, ìdá 42 ló kú, iye kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń jẹ oúnjẹ eku. Ẹ̀dọ̀ wọn dára ju ti ọ̀wọ́ kejì lọ, ara wọn sì ń gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu. Ohun ìyanu ni, n kò sì ní bu iṣẹ́ náà kù. Ṣùgbọ́n ìsanra wọn ńkọ́? Kò lọ síbì kankan. Kò sí ìyàtọ̀ gidi láàrin ìwọ̀n wọn àti ti ọ̀wọ́ kejì. Eku tó sanra ni wọ́n, wọ́n kàn ń bá ìsanra wọn gbé pẹ̀lú ìlera ni.

Lóòótọ́, eku mìíràn wà tí kò sanra. Ní ìparí ọdún 2006 kan náà, Johan Auwerx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi ọ̀rá bọ́ eku, wọ́n sì fún un ní resveratrol, ìsanra náà kò sì dé. Àwọn eku yìí tún sá eré tó bí ìlọ́po méjì ohun tí àwọn yòókù sá. Bóyá òun ni èèyàn wa inú ọkọ̀ gbọ́ tó lù pọ̀ mọ́ ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n fún eku? Mílígíráàmù 400 fún kílógíráàmù kan! Bí a bá bá ẹni tó wọn kílógíráàmù 70 ṣe ìṣirò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó di mílígíráàmù 28,000 lójúmọ́. Mo gba ike náà wò: mílígíráàmù 250 ni wọ́n kọ pé ó wà nínú hóró kan. Hóró 112 nìyẹn, ká tó jẹun ọ̀sán.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kì í ṣírò rẹ̀ báyẹn. Ara eku yára ju tiwa lọ, nítorí náà wọ́n máa ń fi nǹkan bí 12 pín in kí wọ́n tó fi wé ti ènìyàn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pín in. Ti Faransé yóò ṣì gba hóró mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ti Boston, tó kéré jù, yóò di nǹkan bíi mílígíráàmù 130. Ẹni tó bá sì fẹ́ mu ìyẹn nínú wáìnì pupa, tí lítà kan rẹ̀ sábà máa ń ní bíi mílígíráàmù kan sí méjì, yóò mu ju lítà 60 lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bí a bá tilẹ̀ gbé e mì, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ènìyàn a máa sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kíákíá, díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Denmark jábọ̀ ohun tí wọ́n rí lára ọkùnrin 24 tó sanra. Wọ́n fún àwọn kan ní mílígíráàmù 1,500 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọ̀rá ara wọn kò dín, iṣẹ́ insulin lára wọn kò sì yí padà. Ṣáájú èyí, ní 2008, iléeṣẹ́ GlaxoSmithKline ti fi 720 mílíọ̀nù dọ́là ra Sirtris, iléeṣẹ́ tí Sinclair wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní 2010, wọ́n dá ìdánwò resveratrol tí wọ́n ń ṣe lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn dúró, nítorí pé kíndìnrín àwọn kan nínú wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà fúnra rẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kórìíra egbòogi. Ìyá yẹn yọ páálí oògùn rẹ̀ jáde, metformin ni. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ewé ni baba ńlá èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí?" Ó wò mí bí ẹni pé èmi náà fẹ́ tajà. Ewé kan wà ní Yúróòpù tí ń jẹ́ galega. Èròjà inú rẹ̀ a máa dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ pọ̀ jù. Ìmọ̀ irú èròjà yẹn ni àwọn onímọ̀ tọ̀ lẹ́yìn. Ní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe metformin, wọ́n fi ẹranko dán an wò láàrin ọdún 1920 sí 1930, ọdún 1957 ni Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé tó kéde ohun tó ṣe lára ènìyàn, Amẹ́ríkà kò sì fọwọ́ sí i títí di òpin 1994. Ọdún 72 gbáko. Òun náà kọjá lára ẹranko, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Èyí tí ọkùnrin wa ń tà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún náírà, lára eku ló ti fò wọ inú ọkọ̀ wa.

Lábẹ́ ike náà, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé ọjà yìí kì í ṣe fún ìwòsàn àrùn kankan. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1994 ló pàṣẹ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kà á sí ìyá náà létí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi metformin sílẹ̀ láìbi àwọn dókítà rẹ̀. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni òun máa lọ síbẹ̀. Nígbà tí a dé Berger, ó ra ike kan, ó ní àbúrò òun ló ni ín. Mo rí i tó fi í sínú báàgì kan náà pẹ̀lú páálí oògùn rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.