Ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ dípò tíṣà

Nígbà tí mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mélòó kan máa ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé lọ sí abúlé kan létí omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò àti bí wọ́n ṣe ń kàwé. A ò ṣe é ju ọdún kan lọ. Ìdánwò dé, owó ọkọ̀ wọ́n, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó padà lọ dágbére nínú wa. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, ìyá kan tó ń yan ẹja bi mí pé: "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

Mi ò rí èsì kankan fún wọn.

Ìbéèrè yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rí fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Facebook, tí wọ́n wọ polo kan náà, tí wọ́n to àwọn ọmọ abúlé síwájú. Mi ò bú wọn o. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn bá ti lọ.

Ẹ wo agbègbè wa. Láti ọdún 1982 ni Fásitì Olabisi Onabanjo ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ogun State University. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe Abraham Adesanya wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó múlé tì í. Ìmọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, tó forí lé Ìbíadé àti Abígí títí dé Ìwópin létí ọ̀sà, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn abúlé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ débẹ̀. Tíṣà tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀, kò ní í pẹ́ tí á fi máa wá tiránsífà.

Ta ló wá ń dí àlàfo náà? Àwọn àgùnbánirọ̀ ni. Ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá NYSC sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè mọ ara wọn lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ ìgbèríko tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn kò lóǹkà. Bí ọdún kan bá pé, wọ́n á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, àwọn ọmọ á tún jókòó láìsí tíṣà. Àwọn àgbà ló sọ pé aṣọ àyáwọ̀ kì í bá ni mu, bí kò fún ni lápá, á ṣo ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ bí amòfin. Abala 18 nínú ìwé òfin Nàìjíríà sọ pé kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí èèyàn lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ẹ̀. Òfin UBE ọdún 2004 ló wá sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìjọba láti kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ LEDAP pè, pé pẹ̀lú òfin UBE yìí, ó ti di ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè gbà nílé ẹjọ́. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàráà. Nígbà tí a bá wá fi akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ Sátidé bo àlàfo náà mọ́lẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè là ń bá fi gbèsè pamọ́.

Ẹnì kan á sọ pé, ṣé kí àwọn ọmọ náà wá jókòó títí ìjọba á fi jí ni? Rárá o. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ yí ọwọ́ padà. Ẹ mú abúlé kan ṣoṣo, kí àwọn tó ń jáde fa iṣẹ́ náà lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́. Ẹ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà tó ti ṣe wáyẹ́ẹ̀kì tán, torí àwọn ò ní í lọ bí ìdánwò yín bá dé. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ka tíṣà, ẹ ka kíláàsì, ẹ ka àga. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òfin FOI ọdún 2011 kọ̀wé sí àjọ SUBEB l'Ábẹ́òkúta àti sí ìjọba ìbílẹ̀ l'Ábígí, kí wọ́n sọ iye tíṣà tó wà lákọsílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti fèsì. Lóṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà kan bẹ́ẹ̀ lè ṣe ohun tí ogún Sátidé ò lè ṣe.

Ní ti ìyá ẹlẹ́ja yẹn, mo ti rí èsì wọn báyìí. Màmá, ẹ ò ṣẹ̀ wá. Àwa la ṣẹ̀ yín. Ẹni tó sì jẹ yín ní gbèsè ṣì wà l'Ábẹ́òkúta àti l'Ábígí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.