Ẹni Tí Kò Rí Wa Kò Lè Kọ́ Wa Níjó

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ tí ijó ballet ń wù. Wọ́n ní ayé olùkọ́ ti kọjá. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ní fóònù, tó rí owó dátà, tó sì ní sùúrù, YouTube á kọ́ ọ láti orí plié, ìyẹn títẹ orúnkún, títí dé orí pirouette, ìyẹn yíyí lórí ẹsẹ̀ kan, láìjẹ́ pé ó jáde nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn, Ajangbadi ni wọ́n á nàka sí: ṣebí ọmọ tó jó nínú òjò yẹn, inú fóònù ló ti kọ́ ọ?

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ba orúnkún ọmọ jẹ́ ni. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí kí ẹni tó ń ra dátà dípò olùkọ́ lè mọ ohun tó ń rà. Ibi tí wọ́n ti mú ẹ̀rí wá náà ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2017, Daniel Owoseni Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní Ajangbadi, ní ìlú Èkó. Ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, fídíò ọ̀kan nínú wọn, Anthony Madu, tó ń jó láìwọ bàtà nínú òjò, ròkè lálá títí tó fi kan gbogbo ayé lára. American Ballet Theatre ti Amẹ́ríkà rí i, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní 2021 ó wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2024, Disney+ gbé fíìmù nípa rẹ̀ jáde, Madu ni wọ́n sọ ọ́.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibo ni fídíò ti kọ́ Madu níjó? Ajala ló kọ́ ọ. Àgbàlagbà kan dúró nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń bá a tún apá rẹ̀ gbé, ó ní kó tún un ṣe, ó ní kò tíì tó. Nígbà tí ọ̀nà sì là fún ọmọ náà, kò sẹ́ni tó ní kó padà sílé lọ máa wo fídíò sí i. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá fún un, òkèèrè réré, níbi tí olùkọ́ á ti máa wò ó lójoojúmọ́.

Wọ́n á ní: Ajala fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni pé kò rí ilé ẹ̀kọ́ ballet lọ, àti pé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbára lé. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn nìyí, mi ò sì ní sá fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn tó kọ́ ọ tán. Ká ní ó gbà pé fídíò tó, ì bá kàn fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ ni. Ilé ẹ̀kọ́ ló dá sílẹ̀. Ó jẹ ìyà àìrí olùkọ́ tán kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn má baà jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń fi irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí pé olùkọ́ kò wúlò mọ́ ń tàbùkù sí iṣẹ́ tó fi ara rẹ̀ jìn fún.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ibi tí ojú ń wò nínú ballet kọ́ ni iṣẹ́ wà. Ìpìlẹ̀ ijó yìí ni kí ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú síta. Lójú ẹni tó ń wo fídíò, àtẹ́lẹsẹ̀ ló yí: tọ̀tún kọjú sí ọ̀tún, tòsì kọjú sí òsì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlà kan ṣoṣo. Òun náà á yí tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkèé tó so itan mọ́ ìbàdí ni yíyí náà ti ń wá, láti inú ihò tí orí egungun itan jókòó sí, ihò yẹn kò sì rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ẹni tí tirẹ̀ kò gbà tó bẹ́ẹ̀, tó wá fi tipátipá yí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Egungun ojúgun lọ síta, egungun itan kò tẹ̀ lé e, ó di pé à ń fún orúnkún bí aṣọ tí a fọ̀. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ọrùn ẹsẹ̀ á wó sínú. Ó lè má dùn ún lọ́jọ́ náà, ó sì lè má dùn ún lọ́jọ́ kejì. Ó lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nígbà yẹn àṣìṣe náà á sì ti mọ́ ọn lára.

Olùkọ́ tó bá wà níbẹ̀ á rí i lójú ẹsẹ̀. Kò tiẹ̀ ní wo àtẹ́lẹsẹ̀. Orúnkún ló máa wò, bóyá ó bọ́ sókè ìka ẹsẹ̀ gan-an nígbà tí ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Á fọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀, á ní: "Dín in kù." Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí oríkèé tirẹ̀ gbà dáadáa àmọ́ tó ń ṣọ̀lẹ, á gbọ́ pé: "Yí i sí i." Olùkọ́ kan náà ni, ìṣẹ́jú kan náà ni, ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn ni, méjèèjì ló sì tọ̀nà. Fídíò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo èrò tó ń wò ó, bí ẹni tó ṣe é tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ijó, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá lára mu ló máa ṣe léṣe. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí mú dání: àtúnṣe ni ẹ̀kọ́ ballet, àtúnṣe sórí ara ẹnì kan pàtó, ẹni tí kò bá sì rí ara náà kò ní ohun tó máa tún ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pirouette. Ẹni tó ń wo fídíò rí orí tó ń yí fìrì, ó wá gbájú mọ́ orí yíyí títí òòyì fi ń kọ́ ọ. Ohun tó gbé oníjó yẹn ró ni pé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan kó tó yí rárá. Kámẹ́rà kò lè ya ìwúwo.

"Mo máa ń ká ara mi sílẹ̀ kí n lè wò ó." Èsì tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí, àwọn tó ń sọ ọ́ sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ta ló máa yẹ fídíò náà wò? Ẹni tí kò tíì mọ̀ náà ni. Ojú rẹ̀ á lọ síbi tí ojú gbogbo èèyàn ń lọ, bí ẹsẹ̀ ṣe ga sókè tó. Kò ní rí i pé ìbàdí bá ẹsẹ̀ náà gòkè, pé ẹ̀yìn ti tẹ̀, pé èjìká ti sún mọ́ etí. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ojú náà ń gba ẹ̀kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbà á, olùkọ́ ló sì ń kọ́ méjèèjì pọ̀. Dígí kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá yí ọrùn kó lè rí ara rẹ̀ nínú dígí ti ba ìdúró tó fẹ́ wò jẹ́.

Ká ní ẹnikẹ́ni wà tó lè dá ṣe é, ẹni tó ti fi ogún ọdún jó lórí ìtàgé ni ì bá jẹ́. Ẹ lọ wo ẹgbẹ́ ballet ńlá èyíkéyìí. Àwọn àgbà oníjó ibẹ̀ ṣì ń wọ kíláàsì láàárọ̀, tendu, ìyẹn nína ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, tí wọ́n ti ṣe láti kékeré ni wọ́n ṣì ń ṣe, olùkọ́ sì ń rìn láàárín wọn, ó ń bá wọn wí. Nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní oṣù kẹta 2020, Tamara Rojo, tó jẹ́ olùdarí English National Ballet nígbà náà, ń kọ́ kíláàsì láti kíṣìnì rẹ̀, àìmọye èèyàn sì ń wò ó káàkiri ayé. Iṣẹ́ rere ni, ó gbé ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ró. Àmọ́ àwọn oníjó tó di tábìlì ìdáná mú tí wọ́n sì jèrè nínú rẹ̀ ti ní àtúnṣe ọ̀pọ̀ ọdún lára. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú kó má baà sá lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tó máa tọ́jú.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti fi ijó yìí sínú ohun tó lè rìn láìsí èèyàn. Louis Kẹrìnlá ọba Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ ní 1661, nígbà tó sì di 1700, Feuillet ti tẹ ìwé tó fi àmì kọ ijó sílẹ̀. Stepanov, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé àmì tirẹ̀ jáde ní 1892. Nikolai Sergeyev kó ìwé ńláńlá tí wọ́n fi àmì náà kọ kúrò ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn rògbòdìyàn 1917, láti inú wọn ló sì ti gbé eré ballet Giselle àti Swan Lake sórí ìtàgé London ní 1934. Sergeyev ni, ìwé nìkan kọ́. Ọkùnrin tó ti rí ijó náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ ní láti dúró níwájú àwọn oníjó kí ìwé tó lè sọ̀rọ̀. Ní 1934 yẹn kan náà, Agrippina Vaganova, olùkọ́ ballet, tẹ ìwé ìlànà rẹ̀ ní Leningrad. Ẹnikẹ́ni ló lè rà á. Síbẹ̀, yàrá tí Vaganova ti ń kọ́ni ni àwọn ọmọ ń jìjàdù láti wọ̀.

Ẹ tún wo Alicia Alonso, oníjó ballet ti Kúbà. Ọ̀dọ́bìnrin ṣì ni nígbà tí ojú rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ láì mira fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orí ibùsùn yẹn ni Fernando ọkọ rẹ̀ ti ń fi ìka ọwọ́ kọ́ ọ ní Giselle, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní oṣù kọkànlá 1943, ó rọ́pò Alicia Markova tó ń ṣàìsàn, ó jó Giselle ní New York, ó sì di ìlú mọ̀ọ́ká. Kò sí àwòrán kankan tó wò. Ẹni tó mọ ara Alonso ló kọ́ ọ.

Mi ò kórìíra àwòrán o. Michaela DePrince, ọmọ òrukàn ní Sẹra Léònì, rí oníjó kan lórí ìwé ìròyìn tí atẹ́gùn gbé wá sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, ìfẹ́ ballet sì wọ̀ ọ́ lára. Títí tó fi kú ní 2024, ó máa ń sọ ìtàn àwòrán yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbà á tọ́ ní Amẹ́ríkà ló mú un lọ sí kíláàsì, àwọn olùkọ́ Rock School ní Philadelphia ló kọ́ ọ. Àwòrán lè mú kí nǹkan wu ọmọ. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré, fídíò sì ń ṣe é dáadáa, pàápàá fún ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń rí Misty Copeland, oníjó ballet aláwọ̀ dúdú, fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ibi tí inú ti ń bí mi jù ni ọ̀rọ̀ bàtà orí ìka. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í sábà gbé ọmọ sórí ìka ẹsẹ̀ kó tó pé ọdún 11 tàbí 12, ọmọ náà á sì ti kọ́ ballet fún ọdún mélòó kan, nítorí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ó máa ń wo bí ọrùn ẹsẹ̀ ṣe lágbára tó, àti bóyá ọmọ náà lè gbé ara rẹ̀ ró láti ikùn wá. Bàtà náà fúnra rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wò ó lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Nísinsìnyí, ọmọ á bẹ bàbá rẹ̀, bàbá á fi fóònù ra bàtà, á dé láti òkèèrè, ọmọ á sì gùn ún lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò ní rírọ̀ kankan. Àwọn mìíràn ń ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ àga kó lè tẹ̀ bí ti oníjó inú fídíò. Kò sí ẹni tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, nítorí ẹni tó ń kọ́ wọn kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

"Tálákà ni wá, kò sí olùkọ́ ládùúgbò wa." Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni irọ́ YouTube yìí ń tù nínú? Àwọn tó yẹ kó sanwó olùkọ́ ni. Bí fóònù bá tó, ìjọba kò jẹ gbèsè, ilé ìwé kò jẹ gbèsè, olówó tó ń pín fídíò ọmọ Ajangbadi kiri náà kò jẹ gbèsè. Kúbà kò lówó, kò sì sí YouTube níbẹ̀ nígbà tí bàbá oníjó Carlos Acosta, awakọ̀ lọ́rì ní Havana, fi ọmọ rẹ̀ sílé ẹ̀kọ́ ballet ọ̀fẹ́ kí ìgboro má baà gbà á lọ́wọ́ òun. Ọmọ náà ń sá kíláàsì, wọ́n lé e, wọ́n tún fi í síbòmíràn, olùkọ́ kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà níbi ìdíje ballet Lausanne ní 1990. Láti 2020 òun ni olùdarí Birmingham Royal Ballet, nílùú kan náà tí Madu lọ. Olùkọ́ ni wọ́n fún ọmọ tálákà yẹn.

Ẹni tí kò bá wá rí olùkọ́ nítòsí, kó yí fóònù náà padà sí ara rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé ojú olùkọ́ wá, bí kíláàsì náà bá jẹ́ èyí tí olùkọ́ ń rí i tó sì ń pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni American Ballet Theatre gbà kọ́ Madu ní 2020. Ẹ gbé fóònù síbi tí ìbàdí, orúnkún àti ẹsẹ̀ á ti hàn pọ̀, ẹ má wọ ṣòkòtò tó bo orúnkún, ẹ sì sọ ibi tó ń dùn yín fún olùkọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bí kíláàsì àkọ́kọ́ bá parí tí kò dá orin dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti tún ohunkóhun ṣe lára yín, ẹ gba owó yín padà, kí ẹ wá ẹlòmíràn.