Ta Ló Mú Ìwé Tí Wọ́n Fi Ń Díwọ̀n Ọ̀mọ̀wé Dání?

Ká ní ọmọ wa obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ìbàdàn. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fi tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde, ó sì fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, ó lọ́kọ, ó ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Ó wá dé College Park, níbí ní Prince George's County, kọ̀ǹpútà gbọn gbogbo àmì yẹn dànù, wọ́n sì gé orúkọ àbísọ rẹ̀ kù sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, obìnrin kan ti di mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá jókòó, ó lè jẹ́ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n máa rí. Ti àwọn Adébáyọ̀ tún yàtọ̀: èèyàn mẹ́wàá lè para pọ̀ di Adebayo kan, kí iṣẹ́ ẹnì kan sì máa bu iyì fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Bí ẹ bá wakọ̀ gba Baltimore Avenue, ẹ ó kọjá Yunifásítì Maryland, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ilé gogoro National Agricultural Library ní Beltsville. Goddard ti NASA wà ní Greenbelt, Bowie State sì wà ní Bowie. Iṣẹ́ ìwádìí ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé ní agbègbè yìí. Ó yẹ kí a mọ ẹni tó ń wọn iṣẹ́ náà, kí a sì mọ ẹni tó ni òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1955, Eugene Garfield dá a lábàá nínú jọ́nà Science pé kí wọ́n máa ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ tó bá tọ́ka sí iṣẹ́ mìíràn. Ní 1964, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia gbé Science Citation Index jáde. Àwọn jọ́nà tó gbà pé ó ṣe kókó ló ṣà sínú rẹ̀. Ní 1955 yẹn kan náà, Odù, jọ́nà ìmọ̀ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. N kò dá Garfield lẹ́bi pé kò ro ti Odù, àwọn onísáyẹ́ǹsì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn tó sọ ìwé irú èyí di òṣùwọ̀n gbogbo ayé ni mo dá lẹ́bi. Impact factor, ìyẹn òǹkà bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ inú jọ́nà kan tó, tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè mọ jọ́nà tó yẹ kí wọ́n ṣà, ló di ohun tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó máa rí iṣẹ́ àti ẹni tó máa gba ìgbéga. Ó dà bí ìgbà tí a bá fi àdúgbò tí èèyàn ń gbé sọ bí ọbẹ̀ rẹ̀ ṣe dùn tó.

Lónìí, Clarivate ló ni Web of Science, tó jáde láti inú ìwé Garfield, Elsevier ló sì ni Scopus, irú rẹ̀ mìíràn. Owó ni wọ́n fi ń wọ inú wọn, ilé iṣẹ́ ló sì ń pinnu ohun tó máa wọlé.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí á mọ ibi tí mo ń lọ. Alájọ nìkan ló mú ìwé dání. Ọjọ́ tó bá kó ẹrù, ó parí. Èsúsú kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tó ti dá tirẹ̀ àti ẹni tó kàn láti kó o. Microsoft ní ìwé tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tẹ́lẹ̀, Microsoft Academic, wọ́n sì tì í pa ní ìparí ọdún 2021. Ohun tó yọ wá ni pé wọ́n ti fún àwọn èèyàn láyè láti da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Àjọ OurResearch, tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè, gbé e, wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ OpenAlex ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Crossref, tó ń fún iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde ní nọ́ńbà, àti ORCID, tó ń fún olùwádìí ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, tilẹ̀ ní ìgbìmọ̀ alákòóso tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dìbò yàn. Yunifásítì Sorbonne ní Paris ti rí èyí, wọn kò sanwó Web of Science mọ́ láti 2024.

Nílé níbí, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Maryland, tí Michael Dougherty jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, yí òfin ìgbéga wọn padà ní 2022. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ẹni tó bá la ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ ló ṣe, wọn yóò sì kà á fún un. Èyí wú mi lórí ju ìkéde ńláńlá lọ, torí òfin ìgbéga ni olùkọ́ ń bẹ̀rù.

Kí n má purọ́: OpenAlex náà ń ṣìnà. Ó ń so orúkọ pọ̀, ó sì ń ya ẹnì kan sí méjì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè rí àṣìṣe náà láìsanwó, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí òṣùwọ̀n bá tilẹ̀ péye, kò ní ká má ka iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn tó kọ ìkéde DORA lẹ́yìn ìpàdé San Francisco ní 2012 ti sọ ọ́ pé kí wọ́n má fi òǹkà jọ́nà díwọ̀n iṣẹ́ ẹnì kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùwádìí, ẹ gba nọ́ńbà ORCID, ọ̀fẹ́ ni. Díjíìtì mẹ́rìndínlógún ni, kò sì ní yí padà bí orúkọ bá yí. Ẹ kọ orúkọ bàbá, orúkọ ọkọ àti èyí tó ní àmì sí i pátá síbẹ̀. Ẹ wá ara yín lórí OpenAlex lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní College Park, ẹ fi iṣẹ́ yín sí DRUM, ibi ìpamọ́ tí yunifásítì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń wá ibi tí yóò ti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ẹ ní kó béèrè òfin ìgbéga ẹ̀ka náà kó tó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀yin tí ẹ sì jókòó nínú ìgbìmọ̀, bí ẹnì kan bá ka impact factor síta, ẹ bi í pé ṣé ó ti ka iṣẹ́ náà.