Èṣù Kọ́ Ló Ń Pa Wá ní Ojúẹlẹ́gba

Ọ̀rọ̀ owó oṣù la sábà máa ń sọ ní ojú ewé yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà láàyè ló ń gba owó oṣù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí nípa oríta Ojúẹlẹ́gba ní Sùúrùlérè.

Kò sí òṣìṣẹ́ Èkó tí kò mọ ibẹ̀. Abẹ́ afárá ni èrò Yábàá àti èrò Lawanson ti ń pàdé, orí afárá sì ni tírélà tó ru ẹrù láti èbúté Àpápá ń gbà kọjá. Ní 1975, Fela fi orin rẹ̀, Confusion, ké gbàjarè nípa ìdàrúdàpọ̀ oríta yìí. Láyé ìgbà náà, ìdàrúdàpọ̀ la ń sọ. Lónìí, òkú la ń kà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀ntéńà já bọ́ láti orí afárá náà, ó sì pa ènìyàn 3. Ariwo sọ, àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kíní 2023, kọ̀ntéńà mìíràn wó lu bọ́ọ̀sì akérò níbẹ̀. Ènìyàn 9 kú, ẹnì kan ṣoṣo ló yè é. Àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kì í ṣe ọlọ́lá. Irú wa ni wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé iṣẹ́ Èṣù ni, nítorí pé ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, òun ló sì ni oríta. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ Èṣù. Èṣù kọ́ ló di ẹrù sínú kọ̀ntéńà. Èṣù kọ́ ló gbé e sórí tírélà tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, Èṣù kọ́ ló sì ní kí wọ́n má ṣe dè é.

Ẹ̀yin awakọ̀ tírélà mọ ohun tí à ń sọ. Ihò wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ kọ̀ntéńà. Irin ìdè mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí tírélà tí yóò wọ inú àwọn ihò náà, tí a ó sì yí títí yóò fi há. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá há, kọ̀ntéńà kì í ṣàdédé já bọ́ ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn a mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ láì yí i, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹrù bá ṣubú, kò ní fa ọkọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé a ti fi ẹ̀mí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ra irin orí.

Ẹni tí bàtà ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Awakọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ìgbà tó bá lọ tó bọ̀, eré ni yóò máa sá. Ẹ sì rántí pé bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì yóò fi fà á kó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Kì í ṣe òfin ni a kò ní. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti 1988. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2012 sọ pé kí tírélà má ṣe rìn láàárín ìgboro láti aago 6 òwúrọ̀ títí di aago 9 alẹ́, àfi ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ akérò. Òfin wà nínú ìwé, kọ̀ntéńà wà lójú títì.

Ṣùgbọ́n ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń gbé èrò ní ẹnu oríta gan-an, ẹ̀yin náà ń dá kún un. Ẹ wakọ̀ kọjá oríta ná, kí ẹ tó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, ẹ má ṣe bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò tíì dúró.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Èkínní, kí wọ́n yẹ irin ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní ẹnu ọ̀nà èbúté, kí tírélà tí tirẹ̀ kò há má ṣe jáde. Èkejì, kí ibùdókọ̀ jìnnà sí ẹnu oríta àti sí abẹ́ etí afárá. Ẹ̀kẹta, kí iná ojú pópó máa tàn lóru, kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn sì ní ibi tí wọn yóò gbà sọdá.

Awakọ̀ kan lè sọ pé, “Bí mo bá kọ̀, ọlọ́kọ̀ yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, yóò gbé e fún ẹlòmíràn.” Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ẹnì kan ló kọ̀. Bí gbogbo wa bá kọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún? Nítorí náà ni a ṣe ń fẹ́ kí ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀ pinnu pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ wa ẹrù tí a kò dè, àti pé ẹni tí wọ́n bá lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yíyí irin mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká yí wọn kí ọkọ̀ tó ṣí. Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.